Ẹ Mọ Odò Kí Ẹ Tó Wá Ẹja: Ọ̀rọ̀ fún Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Mú Muskie Lórí St. Lawrence

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wa mọ́tò láti Syracuse, Ottawa àti Toronto wá sí Clayton àti Gananoque, tí ẹ so ọkọ̀ ojú omi mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, tí ẹ sì ń bi mí níbi tí muskie wà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó le jù nínú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú omi St. Lawrence ni kò ní sí muskie nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá débẹ̀. Ẹni tó bá ń ju ìwọ̀ sí gbogbo ibi tó ti rí omi, apá rẹ̀ ni yóò máa dùn ún lásán. Kí apẹja mọ omi tí yóò fò kọjá ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, kí ó lè lo àkókò rẹ̀ dáadáa lórí ìwọ̀nba tó kù.

Ẹ wo bí odò náà ṣe tóbi tó. Ó jáde láti inú Adágún Ontario níwájú Kingston àti Cape Vincent, ó sì ń ṣàn lọ sí ìhà àríwá ìlà-oòrùn láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà. Erékùṣù tó lé ní 1,800 ló wà káàkiri inú rẹ̀ kí ó tó dé Brockville. Ní ibì kan, ẹ ó máa rí òkúta ìsàlẹ̀ kedere. Ẹ sún díẹ̀ síwájú, omi ti di ibú tó ju 200 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Láti 1959 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà omi Seaway ni ọkọ̀ ẹrù ńlá, tí gígùn rẹ̀ lè tó 740 ẹsẹ̀ bàtà lónìí, ti ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Nínú omi tó fẹ̀ tó báyìí, muskie tó dàgbà kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní ẹja tí a ń ju ìwọ̀ nígbà 10,000 kí a tó rí ọ̀kan. Àwọn tó mọ odò dáadáa kì í ju tó bẹ́ẹ̀.

Ara muskie fúnra rẹ̀ ló ń sọ ibi tó máa ń wà. Ara náà gùn gbọọrọ, ẹnu rẹ̀ kún fún eyín, lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ àti ti abẹ́ rẹ̀ sì sún mọ́ ìrù pátápátá. Irú ara bẹ́ẹ̀ wà fún títa gìrì lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe èyí tí a fi ń lé nǹkan lọ sọ́nà jíjìn. Nítorí náà, ibi tí òun yóò ti sinmi, tí oúnjẹ yóò sì máa gba iwájú rẹ̀ kọjá, ni ó ń wá. Ọdẹ tó gbọ́n kì í rìn ká gbogbo igbó. Ibi tí ẹran ti ń mumi ni ó ń dègùn dè é. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni muskie ń ṣe, ìyẹn náà ló sì yẹ kí ẹ ṣe sí òun alára.

Lórí odò, ìṣàn omi ló ń pín oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ yín ti kọ́ ìpẹja lórí adágún, ẹ sì ń ka odò bí ẹni ń ka adágún. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró lórí ọkọ̀, kí ẹ wo ibi tí omi ti ń kọlu orí erékùṣù tàbí òkìtì àpáta abẹ́ omi. Ìṣàn náà á pín sí méjì, á sì yára gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àpáta náà, omi á rọlẹ̀, nígbà mìíràn á tilẹ̀ máa yí padà sẹ́yìn. Ẹja kéékèèké máa ń kó ara wọn jọ sí ibi tó rọlẹ̀ yìí. Etí ibi tí omi tó yára ti ń bá èyí tó rọlẹ̀ pàdé ni muskie máa ń wà, tí yóò kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Bí ẹ bá wo ojú omi dáadáa, ẹ ó rí ìlà yẹn: apá kan ń dán, apá kejì ń hó díẹ̀díẹ̀, ewé àti ìfófò sì ń tẹ̀lé e lọ.

Ìlà yìí nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní koríko inú omi tàbí àpáta tí ẹja lè fara pamọ́ sí, kí ibú sì wà nítòsí tí yóò lè sá wọ̀. Níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pàdé, ẹ má tètè kúrò. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó kọjá lórí irú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí kò rí nǹkan kan, tí ó sì tan ẹ́ńjìnnì lọ síbòmíràn. Ó ṣeé ṣe kí ẹja wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò tíì ṣí. Ẹ padà síbẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá yí, ẹ padà síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ sì tún padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ koríko yẹn fẹ́ àlàyé, nítorí pé odò tí àwọn àgbà wa nínú iṣẹ́ yìí pẹja lórí rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ bá. Ẹ̀dá omi kékeré oníkarawun kan tí wọ́n ń pè ní zebra mussel bá ọkọ̀ òkun wọ agbègbè yìí láti òkè òkun ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ó ń sẹ́ omi bó ṣe ń jẹun, ó sì sọ St. Lawrence di omi tó mọ́ gaara. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń wọlé jìnnà, koríko náà bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú omi tó túbọ̀ jìn, ẹja sì tẹ̀lé e lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń fa ìdẹ lórí omi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé àtijọ́ wí, orí ẹja ló ń gbà kọjá. Etí ìta koríko ni kí ẹ máa tẹ̀lé, níbi tó ti parí tí ibú bẹ̀rẹ̀. Koríko tútù tó dúró ṣánṣán ni kí ẹ wá. Nígbà tí oṣù September bá ń lọ, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ á pọ́n, á sì wó lulẹ̀. Ibi tí díẹ̀ bá ṣì tutù sí lára òkìtì àpáta, ẹ sàmì sí i, nítorí pé ẹja kéékèèké tó kù á kó ara wọn jọ síbẹ̀.

Àkókò ọdún náà ní ohun tó ń sọ. Àárín oṣù June ni wọ́n máa ń ṣí ìpẹja muskie lórí odò yìí, December 15 ni wọ́n sì ń tì í. Ẹ ka ìwé òfin ọdún kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ New York àti ní ẹ̀gbẹ́ Ontario, nítorí pé ààlà orílẹ̀-èdè méjèèjì gba àárín omi kọjá, kò sì sí ògiri tí yóò fi hàn yín. Bí ẹ bá ń pẹja ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìwé àṣẹ méjì ni ẹ nílò. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, àwọn ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin tán kì í tíì jìnnà sí ẹnu àwọn kọ̀rọ̀ omi tí wọ́n ti yé e. Ní July àti August, wọ́n á fọ́n ká sí ibi tí omi ti tutù tí ó sì ń ṣàn. Bí ẹ bá bi mí, mo máa ní kí ẹ fi agbára yín pamọ́ de October àti November. Adágún Ontario tóbi, omi tó ń tú sínú odò kì í sì tètè tutù. Ìdí nìyẹn tí ìgbà ìwọ́wé fi ń pẹ́ lórí omi yìí ju ti orí ilẹ̀ lọ. Abo muskie ńláńlá ń jẹun gan-an nígbà náà láti kọ́ ẹyin ọdún tó ń bọ̀ sínú ara wọn, wọn kì í sì í rìn jìnnà sí òkìtì àpáta tó ní ibú lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Afẹ́fẹ́ tó wọ́pọ̀ níbí ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, ó sì ń bá omi rìn lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá wá láti àríwá ìlà-oòrùn, ó ń kọlu ìṣàn ni, ìgbì á sì ga lójijì, á sì sún mọ́ra. Ọkọ̀ kékeré kò gbọdọ̀ wà láàárín odò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn erékùṣù ṣe ibi ìsádi, kí ẹ sì pẹja níbẹ̀. Àwọn kan á máa sọ fún yín nípa òṣùpá. Ní 2014, Mark Vinson àti Ted Angradi tẹ ìwádìí kan jáde nínú PLoS ONE. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ muskie 341,959 wò, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Muskies, Inc., ẹgbẹ́ tí Gil Hamm dá sílẹ̀ ní Minnesota ní 1966, ti kọ sílẹ̀. Wọ́n rí i pé òṣùpá ní ipa lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ó mọ. Torí náà, bí ẹ bá ráyè lọ́jọ́ tí òṣùpá lé, ẹ lọ. Bí ẹ kò bá ráyè lọ́jọ́ yẹn, ẹ lọ lọ́jọ́ mìíràn. Wákàtí tí ìdẹ yín bá wà nínú omi tó tọ́ ṣe pàtàkì ju òṣùpá lọ.

Lórí irinṣẹ́, mi ò ní pẹ́. Ọ̀pá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án dára, okùn híhun tó lágbára tó 80 tàbí 100 pọ́n-ùn, àti wáyà tàbí okùn fluorocarbon tó nípọn láàárín okùn àti ìdẹ, nítorí pé eyín muskie á gé okùn lásán já. Ẹ máa yẹ wáyà náà wò lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa fi fáìlì pọ́n ìwọ̀; bí ẹ bá fi ẹnu rẹ̀ fa èékánná yín tí ó sì yọ̀, kò mú tó. Ẹ fi pláyà tẹ ìkọ́ ẹnu ìwọ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè tètè yọ. Ìdẹ tó gùn tó 8 sí 12 íǹṣì ni ẹ nílò, kí ẹ sì lo èyí tó tóbi jù bí òtútù ṣe ń mú sí i. Ẹ má jẹ́ kí ilé ìtajà gba gbogbo owó yín lórí àwọ̀ ìdẹ. Ẹ ra àwọ̀n ńlá olójú tí wọ́n fi rọ́bà bò, pláyà gígùn, àti ohun tí a fi ń gé ìwọ̀ irin. Ẹni tí kò bá ní mẹ́ta yìí kò tíì ṣe tán láti mú muskie, bó ti wù kí ọ̀pá rẹ̀ wọ́n tó.

Lórí odò tó fẹ̀ tó báyìí, fífa ìdẹ tẹ̀lé ọkọ̀ ló ń mú ẹja jù, ọgbọ́n inú rẹ̀ sì jìn ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Máìlì mẹ́ta sí márùn-ún láàárín wákàtí kan ni ìwọ̀n eré tó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: eré tí ẹ̀rọ GPS ń fi hàn yín, eré ọkọ̀ lórí ilẹ̀ ni, kì í ṣe eré ìdẹ nínú omi. Bí omi bá ń ṣàn ní máìlì kan láàárín wákàtí, tí ẹ sì ń bá a lọ ní máìlì mẹ́rin, máìlì mẹ́ta péré ni ìdẹ yín ń lọ. Bí ẹ bá yí padà kọjú sí ìṣàn ní eré kan náà, máìlì márùn-ún ni. Ọ̀pọ̀ apẹja ló rí ẹja nígbà tí wọ́n ń gòkè, tí wọn kò rí nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọn kò sì mọ ìdí rẹ̀. Orí ọ̀pá ni kí ẹ máa wò. Bí ó ṣe ń gbọ̀n ni ìdẹ ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí gbígbọ̀n náà bá dáwọ́ dúró, koríko ti mú un. Ẹ fà á wọlé lójú ẹsẹ̀, ẹ tú u. Ìdẹ tí koríko so mọ́ kò yàtọ̀ sí pé ìdẹ kò sí nínú omi rárá.

Ẹ má ṣe wa ọkọ̀ ní ìlà tààrà. Ẹ máa yí sọ́tùn-ún, ẹ máa yí sósì, bí etí koríko ṣe yí. Nígbà tí ọkọ̀ bá yí, ìdẹ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ inú á falẹ̀, á sì rì díẹ̀. Èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta á yára. Ẹja tó ti ń tẹ̀lé ìdẹ bọ̀ láti ẹ̀yìn láìpinnu máa ń pinnu nígbà yẹn. Bí ìdẹ bá kan àpáta díẹ̀ tó sì tún fò sókè, ohun kan náà ló ń ṣe. Ẹ fi ìdẹ kan sún mọ́ ọkọ̀, sínú ìfófò tí ẹ́ńjìnnì ń tú sẹ́yìn gan-an. Ó máa ń ya àwọn tó jẹ́ tuntun lẹ́nu, ṣùgbọ́n ariwo yẹn kì í lé muskie sá.

Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ ju ìwọ̀ nítòsí òkìtì àpáta, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ kò tíì parí nígbà tí ìdẹ bá dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Muskie máa ń tẹ̀lé ìdẹ dé abẹ́ ẹsẹ̀ yín, á sì dúró. Ẹ wọ awò ojú tó ń pa dídán omi, ẹ máa wo ẹ̀yìn ìdẹ ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì yí i ká ní ìrísí nọ́ńbà 8 lẹ́yìn jíjù kọ̀ọ̀kan, yálà ẹ rí ẹja tàbí ẹ kò rí i. Ẹ ti orí ọ̀pá bọ omi dáadáa. Kí ìyípo náà fẹ̀, nítorí pé ẹja tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kò lè yí ní kọ̀rọ̀ tó há. Kí ìdẹ lọ sísàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yí, kí ó sì gòkè díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ má dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ bá rí i. Ẹ̀rù á bà yín, ọwọ́ yín á fẹ́ gan. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ìdẹ máa lọ bó ṣe ń lọ. Bí ó bá gbé e, ẹ má ṣe fa ọ̀pá sókè sí ojú ọ̀run, torí pé ńṣe ni ẹ ó fa ìdẹ yọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fà á sí ẹ̀gbẹ́, sí apá ibi tí ìrù ẹja wà.

Bí ẹja bá tẹ̀lé ìdẹ tí kò gbé e, ó ti ṣe yín lóore ńlá: ó ti fi ilé rẹ̀ hàn yín. Ẹ kọ wákàtí náà sílẹ̀, ẹ kọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, bí omi ṣe tutù tó, àti ibi tí ẹ dúró gan-an. Ẹ fi ìwé yẹn ṣe olùkọ́ yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo rọ ẹnì kọ̀ọ̀kan yín pé kí ó yan apá kan odò yìí, bóyá láti erékùṣù kan sí èkejì, kí ó kọ́ ọ títí yóò fi lè wà á kọjá lóru láìkan àpáta kankan. Ẹni tó ń sá ká láti Cape Vincent dé Ogdensburg kò ní mọ ibì kankan.

Ní báyìí, ẹja ti wà nínú àwọ̀n. Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ jù lọ.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀n wà nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí ẹja sì wà nínú rẹ̀, kí ó máa mí. Àwọ̀n ńlá kì í ṣe ohun tí a fi ń gbé ẹja wọ ọkọ̀. Ibi tí ẹja ti ń dúró ni, kí ẹ lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọgbọ́n. Ẹ fi pláyà yọ ìwọ̀ nínú omi náà. Bí ìwọ̀ bá wọlé jìnnà, ẹ gé e. Ìwọ̀ kò wọ́n, ẹja yìí kò sì ní ààrọ̀. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ nínú omi. Bí ẹ bá fẹ́ àwòrán, kí ẹni tó máa yà á ti dúró, kí fóònù ti ṣí, kí ẹ tó gbé ẹja sókè. Ọwọ́ kan lábẹ́ àgbọ̀n, láìfọwọ́ kan ibi pupa tó fi ń mí. Ọwọ́ kejì lábẹ́ ikùn. Kí ẹja wà ní ìbú, kí ó má ṣe rọ̀ sísàlẹ̀ láti àgbọ̀n rẹ̀, torí pé ìwúwo ara rẹ̀ á ṣe ohun inú rẹ̀ léṣe. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ di ìdí ìrù rẹ̀ mú jẹ́jẹ́ nínú omi títí yóò fi fa ara rẹ̀ yọ lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe tì í síwájú kí ẹ tún fà á sẹ́yìn. Bí omi bá ti gbóná tó 80 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ẹ fi muskie sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn pátápátá. Ẹja tó bá jà nínú omi gbígbóná lè lọ tagbáratagbára lójú yín, kó sì kú lẹ́yìn náà níbi tí ẹ kò ti ní rí i.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn kan nínú yín. Níbi tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, ẹja tí a bá mú, ọbẹ̀ ni à ń fi sè. Mo jẹ ẹja odò yìí náà. Bí ẹ bá fẹ́ ti ọbẹ̀, yellow perch wà, walleye wà, bullhead tó jẹ́ ìbátan àrọ̀ sì wà, ó sì dùn nínú ata gan-an. Muskie kò rí bẹ́ẹ̀. Abo rẹ̀ kì í sábà yé ẹyin kí ó tó pé nǹkan bí ọdún mẹ́fà, ó sì lè gbé tó ọdún 30. E. J. Crossman ti Royal Ontario Museum ní Toronto àti John Casselman ló fi egungun kan tó wà lẹ́yìn orí ẹja náà ka ọjọ́ orí rẹ̀, bí a ṣe ń ka ìlà inú igi. Ohun tí egungun náà ń sọ ni pé ẹja ńlá tí ẹ gbé lọ́wọ́ lè dàgbà ju ẹlòmíràn nínú yín lọ.

Wọn kò sì pọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Láàárín 2005 sí 2008, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní VHS wọ odò yìí, ó sì pa muskie àgbà púpọ̀. Òkú wọn ń léfòó lẹ́bàá erékùṣù. Ní nǹkan bí àkókò kan náà ni ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní round goby, tó wá láti agbègbè Òkun Dúdú, kún inú odò, òun náà sì ń jẹ ẹyin ẹja mìíràn. Ibùdó ìwádìí Thousand Islands Biological Station, tó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ gíga SUNY ESF, wà lórí erékùṣù níwájú Clayton. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń fi àwọ̀n wá ọmọ muskie nínú àwọn kọ̀rọ̀ omi lọ́dọọdún, ìwádìí sì ti fi hàn pé muskie àgbà máa ń padà sí kọ̀rọ̀ kan náà láti yé ẹyin. Bí àwọn tó ń lo kọ̀rọ̀ kan bá tán, ẹja kọ̀rọ̀ mìíràn kò ní sáré wá gba ipò wọn. Ẹ kò gbọdọ̀ fi ìdákọ̀ró tàbí ẹ́ńjìnnì ya koríko àwọn kọ̀rọ̀ náà ní ìgbà ìrúwé.

Ẹ tún kọ́ láti mọ ọmọ muskie yàtọ̀ sí pike, torí pé ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti fi orúkọ pike pa. Ara pike ṣú, àmì rẹ̀ sì funfun díẹ̀. Ara muskie mọ́lẹ̀, àmì rẹ̀ ló ṣú, ìyẹn bí ó bá tilẹ̀ ní àmì. Ìpẹ́ bo gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ pike. Apá òkè nìkan ni ti muskie bò. Bí ó bá ṣì rú yín lójú, ẹ yí àgbọ̀n rẹ̀ sókè kí ẹ ka àwọn ihò kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀: márùn-ún tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pike ni, mẹ́fà sókè, muskie ni. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀ síbẹ̀, ẹ dá a padà.

Ohun kan kù lórí ẹ̀mí tiyín. Òfin New York ní kí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tí kò gùn tó 21 ẹsẹ̀ bàtà wọ ẹ̀wù tó ń mú ènìyàn léfòó láti November 1 títí di May 1. Ẹ wọ̀ ọ́ kí ẹ sì dì í. Omi November kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti wá ẹ̀wù lẹ́yìn tó bá ti ṣubú. Ọkọ̀ ẹrù kò lè dúró fún yín, kò sì lè yà. Nígbà tí ẹ bá rí i lókèèrè, ẹ fa ìdẹ yín wọlé, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì kọ orí ọkọ̀ sí ìgbì tó máa gbé wá.

Ẹ ó gbọ́ ìtàn nípa ìwúwo. Ní 1957, Arthur Lawton ní òun mú muskie 69 pọ́n-ùn àti ọ́ǹsì 15 lórí odò yìí, ó sì di ẹja tó tóbi jù lọ láyé fún ọdún pípẹ́, kí wọ́n tó wọ́gi lé e ní 1992 lẹ́yìn tí wọ́n yẹ àwọn àwòrán wò. Èyí tí ẹgbẹ́ IGFA, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹja tó tóbi jù láyé, mọ̀ báyìí ni ti Cal Johnson, 67 pọ́n-ùn àti ọ́ǹsì 8, láti Wisconsin ní 1949. Ẹ má fi òṣùwọ̀n gbé ẹja kọ́ nítorí irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ìbú àyíká ikùn rẹ̀ di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po gígùn rẹ̀ ní íǹṣì, kí ẹ pín in sí 800. Ẹja tó gùn ní 50 íǹṣì, tí àyíká ikùn rẹ̀ jẹ́ 22, yóò fún yín ní nǹkan bí 30 pọ́n-ùn. Àwòrán kan àti gígùn pẹ̀lú àyíká ikùn tó fún oníṣẹ́ ọnà láti ya ẹja náà bó ṣe rí, kí ẹ gbé e kọ́ sára ògiri.

Òfin ní kí ẹja tí a bá máa mú lọ sílé tó 54 íǹṣì, ọ̀kan ṣoṣo lójúmọ́. Ẹgbẹ́ Save the River ní Clayton sì ti ń rọ apẹja láti àwọn ọdún 1980 pé kí wọ́n dá muskie padà. Ìdájọ́ tèmi kò pín sí méjì: lẹ́yìn ohun tí VHS ṣe, muskie kan kò gbọdọ̀ bá apẹja lọ sílé láti St. Lawrence mọ́, bó ti wù kó gùn tó.